Ọjọ́ Kan Tí Mo Sún Síwájú fún Ọ̀gá Mi

Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì akẹ́rù kan ní Warehouse Road, l'Ápápá, nígbà tí mo dá sáìtì mi sílẹ̀. Ẹni tó bá ṣí i á rí ọjọ́ òní nínú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin àwọn baba wa: Ọ̀ṣẹ̀, Awo, Ògún, Jàkúta. Á tún rí aago kan tó pín ọjọ́ sí wákàtí mẹ́wàá péré, tó fi jẹ́ pé aago márùn-ún ni ọ̀sán gangan. Àwọn tó ń kà á kò pọ̀. Mo mọ ọ̀pọ̀ wọn.

Ọ̀gá mi rí i lọ́jọ́ kan. Ó pe gbogbo ọ́fíìsì jọ.

"Ẹ wá wo aago wèrè o! Madam fẹ́ kọ́ wa láago!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí ọ̀gá ni.

Lọ́dún kejì, mo rí kàlẹ́ńdà kan lára ògiri télọ̀ mi l'Ájégúnlẹ̀. Fọ́tò ọ̀gá wà lókè, wọ́n kọ "Olùwádìí Àṣà" sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ ni, ó ń wá oyè. Tábìlì ọjọ́ tó wà nísàlẹ̀, tèmi ni. Kódà, ibi tí mo ti ṣi Jàkúta kọ, bẹ́ẹ̀ náà ló wà.

Mo lọ bá a. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ mi lẹ tẹ̀ jáde yìí."

Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ṣé ìwọ lo dá ọjọ́ ni?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà." Mo fiṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù yẹn.

Nígbà tí mo ń ṣe tábìlì ọdún tó tẹ̀ lé e, mo fi ọjọ́ kan sún gbogbo rẹ̀ síwájú. Mo fi èyí tó péye ránṣẹ́ sí àwọn tí mo mọ̀, mo ní kí wọ́n má lo ti sáìtì. Mo wá ń retí kí ọ̀gá tún jí i. Ojoojúmọ́ ni mò ń ronú bí ojú rẹ̀ á ṣe rí.

Ọ̀gá tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì pín in fún gbogbo ẹbí. Ọjọ́ Awo ni wọ́n máa ń ṣèpàdé, nínú àgbàlá ilé tí mò ń gbé ní Olodi-Apapa, torí màmá onílé wa ni àgbà ẹbí wọn. Mo wà lójú fèrèsé nígbà tí wọ́n dé.

Màmá ní, "Ta ló pè yín lónìí?"

Ọ̀gá ní, "Màmá, òní ni Awo."

"Àná ni Awo! Láti kékeré ni mo ti ń kà á. Ṣebí ìwọ lo ní o ṣèwádìí?"

Òógùn bò ó. "Màmá, èmi kọ́ ni mo kà á. Ayálégbé yín yẹn ló ṣe é." Ó nawọ́ sí mi.

Màmá ní, "Iṣẹ́ oníṣẹ́ lo wá ń lẹ fọ́tò mọ́?" Ó yíjú sí mi. "Ìwọ náà, kí ló ṣe tìẹ tó fi yapa?"

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, mà."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ oyè mọ́.

Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí lẹ́tà mi ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: bàbá kan l'Ájégúnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wáàfù. Tábìlì mi ló fi ń mọ ọjọ́ ìrántí ìyàwó rẹ̀. Ọjọ́ kejì ọjọ́ tó yẹ ló wá ṣe é.

Mo kúnlẹ̀ fún bàbá náà, mo sunkún. Ọ̀gá ní tiẹ̀, mi ò bẹ̀ ẹ́, mi ò sì ní bẹ̀ ẹ́.