Ọbẹ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Ò Tọ́ Wò

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé iṣẹ́ Bọ́sà ní yunifásítì Kátólíìkì jẹ́ iṣẹ́ ìjókòó, ẹ ní kó wá wo ẹsẹ̀ mi. Bọ́sà ni wọ́n ń pè mí, obìnrin tí mo jẹ́ yìí, nítorí pé èmi ni mò ń mójú tó ìnáwó, ṣùgbọ́n wọ́n tún kó gbogbo iṣẹ́ ọgbà náà lé mi lórí: epo jẹnẹrétọ̀, omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, géètì, ilé ìdáná, títí kan àwọn àdán tó ń sùn sí àjà ilé ìjọsìn. Tí iná bá lọ nígbà tí Fadá ń wàásù, èmi ni gbogbo ìjọ máa ń bojú wẹ̀yìn wò, bí ẹni pé èmi ni mo fẹnu fẹ́ ẹ pa.

Yunifásítì kékeré ni. Ó wà ní Ìsọlọ̀, lọ́nà Òkè-Àfà, nínú ọgbà tí wọ́n ń kó ẹrù sí tẹ́lẹ̀, a sì kùn ún ní funfun kó lè jọ ibi mímọ́. Tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ọ̀dà náà á ṣí, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ á sì yọjú lára ògiri. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ò pọ̀, àmọ́ ariwo àwọn òbí wọn tó ti yunifásítì ńlá méjì.

Fadá tó jẹ́ gíwá àgbà wa, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Mi ò fi yìn ín. Àwọn kan wà tí jẹ́jẹ́ wọn kò ju pé wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn jà. Fadá kò lé èèyàn rí, kò bá èèyàn wí rí, kò sì gba èèyàn sílẹ̀ rí. Ẹni tó ń pàṣẹ gan-an ni alága ìgbìmọ̀, ọkùnrin olówó kan tí ìjọ fi joyè náìtì, tó máa ń gbé idà oyè náà kọ́ ẹ̀gbẹ́ wá sí Mísà bí ẹni tó ń lọ sójú ogun. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tó jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó kó tó jókòó.

Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni mo fẹ́ sọ. Obìnrin méje ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àlàájà ni olórí wọn. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, Mùsùlùmí tó dúró lórí ẹ̀sìn rẹ̀, ó sì ti ń se oúnjẹ fún àwa Kátólíìkì látìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ náà ò tíì ju kíláàsì mẹ́ta lọ. Ìyá Ìbejì ni igbákejì rẹ̀, ọmọ ìjọ wa, ará Ìjẹ̀bú, tí ọkọ rẹ̀ jáde nílé lọ́jọ́ kan tí kò padà mọ́. Iṣẹ́ yẹn ló fi ń tọ́ ìbejì rẹ̀ nínú yàrá kan ní Èjìgbò. Àwọn márùn-ún tó kù náà, bákan náà lọmọ ṣe orí: ẹni tí ọkọ kú fún, ẹni tí ọkọ rẹ̀ wà láàyè tí kò yàtọ̀ sí òkú.

Alága fẹ́ gba ilé ìdáná lọ́wọ́ wọn kó gbé e fún àwọn olóúnjẹ kan ní Apakun. Ó ní ayé ti lajú, kò sí yunifásítì gidi tó tún ń dáná fúnra rẹ̀. Mo bá a fà á nípàdé mẹ́ta. Ní ẹ̀kẹta, mo ní, “Alága, ẹ jẹ́ ká fi ẹnu ṣe é. Àjọ̀dún Jósẹ́fù Mímọ́ ń bọ̀, gbogbo ìgbìmọ̀ ló máa jẹun níbí. Tí oúnjẹ àwọn obìnrin yìí ò bá dáa, ẹ lé wọn. Tó bá dáa, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú. Inú mi dùn débi pé mi ò bi ara mi léèrè ìdí tó fi tètè gbà.

Mo lọ bá Àlàájà. Mo ní, “Àlàájà, oúnjẹ ọjọ́ àjọ̀dún yìí ló máa sọ bóyá ẹ ń dúró àbí ẹ ń lọ, ẹ̀yin àtàwọn ọmọ yín tẹ́ ẹ jọ ń dáná.”

Ó ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́, kò gbójú sókè. “Bọ́sà, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Àwọn tó ti ń jẹun mi látọjọ́ yìí, ṣé òkúta ni wọ́n ń jẹ ni?”

Lọ́dún yẹn, bíi ti ọdún mélòó kan tó ṣáájú, Lẹ́ńtì àti Ràmàdáànì bọ́ sí àsìkò kan náà. Tí Àlàájà bá ń gbààwẹ̀, kì í tọ́ ọbẹ̀ wò. Àáfà àdúgbò rẹ̀ ti sọ fún un pé alásè lè fi ṣóńṣó ahọ́n kàn án, kó sì tu ú dànù. Kò gbà. Ó ní òun mọ ahọ́n òun, tó bá kàn án, ó máa gbé e mì. Nítorí náà, Ìyá Ìbejì ló máa ń bá a tọ́ ọ wò lóṣù Ràmàdáànì. Lọ́jọ́ tí Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ bá ń gbààwẹ̀ Lẹ́ńtì, wọ́n á pe ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì, ẹni tí kì í bá ẹ̀sìn kankan gbààwẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọdún mélòó kan, ọbẹ̀ ò sì bàjẹ́ rí.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún náà, ìjọ yọ̀ǹda kí gbogbo wa jẹun, Lẹ́ńtì ò dè wá. Ìyá Ìbejì lè tọ́ ọbẹ̀ wò ju ọjọ́ kankan lọ. Ṣùgbọ́n ooru mú lọ́jọ́ yẹn bí ẹni pé ilẹ̀ ń jóná, àwọn obìnrin náà sì wo Àlàájà nídìí iná, àgbàlagbà tí kò tíì fẹnu kan omi láti ìdájí, tó ń ro ìkòkò nítorí iṣẹ́ gbogbo wọn. Ìyá Ìbejì ní òun ò lè jẹ nǹkan kan lójú ìyá òun. Ẹ̀kejì ní òun náà ò ní jẹ. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo wọn ti bá a gbààwẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ká ní mo gbọ́ ni, ariwo tí mi ò bá pa, wọ́n máa gbọ́ ọ dé Òkè-Àfà.

Àlàájà fi iyọ̀ sí ọbẹ̀, ó bọ́ sí ẹ̀yìn ilé láti kírun ọ̀sán. Ìyá Ìbejì dé ìdí ìkòkò, ó bá iyọ̀ ní ṣíṣí, ó rò pé ìyá òun ṣí i tán ló gbàgbé láti fi sí i, ó bù ú sí i. Wọ́n rán èèyàn lọ pe ọkùnrin ẹnu géètì kó wá tọ́ ọ wò. Ó ní àwọn ọkọ̀ tó ń wọlé ò jẹ́ kóun ráyè. Wọ́n bá bu oúnjẹ.

Mísà parí, a wọ gbọ̀ngàn. Ìrẹsì, ẹja yíyan, ọbẹ̀ ata tó pọ́n tó ń dán. Mo jókòó, mo ń yangàn sínú. Alága fi ọbẹ̀ sẹ́nu, ó gbé ṣíbí kalẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé máìkì wá fún òun.

“Ẹ̀yin èèyàn mi,” ó ní, “ta ló kó òkun wọ Ìsọlọ̀ tí ò sọ fún wa?”

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Mo fi tèmi sẹ́nu. Iyọ̀ náà kò ṣeé gbé mì.

Ó ní kí wọ́n lọ pe alásè wá. Àlàájà wọlé, ó ń fi épúrọ̀ọ̀nù nu ọwọ́, ó kúnlẹ̀ kí gbogbo ilé. Alága ò ní kó dìde.

“Ìwọ lo se èyí?” Ìwọ. Fún obìnrin tó lè bí i.

“Èmi ni, sà.”

“Gba ṣíbí. Jẹ ẹ́ ká rí ẹ.”

Mo dìde. Mo ní, “Alága, ẹ jọ̀ọ́ sà, Àlàájà ń gbààwẹ̀.”

“Ààwẹ̀ kẹ̀? Níbo? Fadá, ṣebí ìjọ ti ní ká jẹun lónìí?”

Fadá ń wo ẹja inú àwo rẹ̀. “Ìjọ gbà wá láyè,” ó ní, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bíi ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Àlàájà wo Fadá, ó wò mí, ó wá yíjú sí alága. Ó ní, “Tí mo bá jẹ ẹ́, sà, ṣé ẹ máa fi àwọn ọmọ mi sílẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́?”

“Jẹ ẹ́ ná. A máa rí sí i.”

Oòrùn ṣì wà lókè dáadáa. Àlàájà gba àwo alága, ó sọ Bísímílláì, ó sì jẹ ẹ́. Nígbà tó fẹ́ gbé ṣíbí kalẹ̀ lẹ́yìn òkèlè kìíní, alága fi ọwọ́ júwe pé kó máa bá a lọ. Ó jẹ àwo náà tán lórí ìkúnlẹ̀, omi ń jáde lójú rẹ̀, kì í ṣe ẹkún, iyọ̀ ni. Ẹ̀rín ti tán nínú ilé nígbà yẹn. Àwọn ọ̀mọ̀wé wa ń wo fóònù wọn, bí ẹni pé àtẹ̀jíṣẹ́ pàtàkì ti dé sọ́wọ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kórìíra alága lọ́jọ́ yẹn, mo sì kórìíra rẹ̀ títí di òní, mi ò sì tíì mú un lọ síbi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Mi ò ní mú un lọ.

Bí Àlàájà ṣe gbé ṣíbí kalẹ̀ ni alága pàtẹ́wọ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ṣí, àwọn ọmọbìnrin tó dé fìlà pupa gbé kúlà wọlé: ìrẹsì tó ń rú èéfín, adìẹ, dòdò. Àwọn ará Apakun ni. Kò sí ìrẹsì tó lè ti Apakun gbóná dé Ìsọlọ̀ láàárín ìgbà tí ìyá arúgbó fi jẹ àwo oúnjẹ kan. Ọkùnrin ẹnu géètì ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọkọ̀ wọn ti wà nínú ọgbà kí Mísà tó parí, òun lòun ń bá wọn wá ibi tí wọ́n máa gbé e sí nígbà tí wọ́n wá pe òun sí ilé ìdáná. Ká ní ọbẹ̀ wa dùn bí oyin, kúlà ti wà níta. Gbogbo ilé kí wọn káàbọ̀, wọ́n sì jẹun. Èmi ò jẹ. Kì í ṣe pé mo jẹ́ ẹni mímọ́, iyọ̀ ọbẹ̀ yẹn ló ṣì wà lẹ́nu mi.

Mo lọ sí ilé ìdáná. Ìyá Ìbejì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó káwọ́ lérí, ó ń sunkún pé òun lòun bu iyọ̀ kejì, òun lòun pa gbogbo wọn. Àlàájà dúró nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń yọ ẹnu.

“Dákẹ́ jàre,” ó ní fún un. “Mo jẹ ẹ́ tán, àbí mi ò jẹ ẹ́ tán? Ọ̀gá ní àwọn máa rí sí i. Ọmọlúàbí ò ní gba ààwẹ̀ lẹ́nu èèyàn lásán.”

Mo fẹ́ sọ nípa kúlà fún un. Mi ò tíì la ẹnu tí Fadá fi wọlé. Alága ló rán an. Mo wò ó, mo sì rò pé lónìí, lẹ́ẹ̀kan péré, ọkùnrin yìí máa sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin: tó bá jẹ́ pé ó fẹ́ jà fún wọn, kó jà, tó bá jẹ́ pé ó fẹ́ lé wọn, kó lé wọn. Ó wo obìnrin méjèèje lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pa ọwọ́ pọ̀.

“Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà,” ó ní.

Gbogbo wọn dìde, ìrètí sì hàn lójú wọn. Ìyá Ìbejì nu ojú, ó so gèlè rẹ̀ le.

“Olúwa, a dúpẹ́ fún ìfẹ́ tí àwọn ìyá wọ̀nyí fi sìn ọ́ nílé yìí.”

“Àmín!”

“Ṣí ọ̀nà tuntun fún wọn.”

“Àmín!” Wọ́n pariwo rẹ̀ débi pé àwo dún lórí tábìlì.

“Má ṣe jẹ́ kí ebi pa wọ́n níbikíbi tí wọ́n bá ń lọ láti òní.”

“Àmín!”

“Fi aláàánú pàdé wọn níbi iṣẹ́ mìíràn. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ìbínú jáde ní ẹnu ọ̀nà yìí.”

Àmín náà ṣẹ́ kù sí ẹnu ẹni mẹ́ta, mẹ́rin. Àwọn tó kù ti la ojú, wọ́n ń wo ara wọn. Fadá kò la tirẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí Ọlọ́run bù kún ọwọ́ tuntun tó máa dáná níbí láàárọ̀ ọ̀la, Àlàájà nìkan ló sì dáhùn, pẹ̀lú ohùn tó là gaara: “Áámín.” Fadá ya àmì àgbélébùú lé wọn lórí, ó yíjú padà, ó lọ.

Ìyá Ìbejì di ọwọ́ mi mú. “Bọ́sà, ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni Fadá ń sọ?”

Mo sọ fún un. Mo ní kí wọ́n kó ẹrù wọn, kò síṣẹ́ mọ́ láti ọ̀la. Èmi ni mo sọ ọ́, torí pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Kò sunkún mọ́. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lọ́jà.

“Ṣùgbọ́n a ti ṣe àmín sí i, Bọ́sà,” ó ní. “Gbogbo wa la ṣe àmín sí i.”