Gbólóhùn Tí Mo Fi Kún Ìròyìn Ítálì

Inú ń bí mi. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìtàn amóríyá ni mo fẹ́ pa. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń túmọ̀ ìròyìn sí Yorùbá nílé iṣẹ́ rédíò kan ní Ifẹ̀ yìí, kò sì sí ohun tó mú iṣẹ́ náà sú mi tó ọ̀rọ̀ Ítálì.

Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyí. Láàárọ̀, ìròyìn òkè òkun á ti wà lórí kọ̀ǹpútà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Màá mú èyí tó bá jọ mí lójú, màá gbé e sí Yorùbá, màá sì wá gbólóhùn kan tó ta létí láti fi kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kì í sí nínú Gẹ̀ẹ́sì, àwa la máa ń fi kún un, torí ìròyìn tí kò bá ní in, àwọn olùgbọ́ wa kì í kà á sí. Àwọn ọlọ́kadà àdúgbò Mayfair nílùú wa yìí á máa fi dá ara wọn lára yá títí di ìrọ̀lẹ́. Mo mọ̀ ọ́n ṣe, mi ò ní purọ́. Wọ́n máa ń yìn mí fún un.

Wàyí o, àwọn akọ̀ròyìn òyìnbó tó ń kọ̀wé nípa Ítálì, mi ò mọ ohun tí ìlú ọ̀hún fi ṣe wọ́n. Èyí tó ń kọ ọ́ láti Lọ́ńdọ̀nù àti èyí tó ń kọ ọ́ láti Amẹ́ríkà, ẹnu kan náà ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Bí kì í bá ṣe ti ọkọ̀ ojú omi tó dojú dé, ti jàǹdùkú ni. Bí kò bá jẹ́ ti jàǹdùkú, á jẹ́ ti abúlé tí àwọn arúgbó ti ń kú tán, tí wọ́n wá ń ta ilé ibẹ̀ ní ọ̀pọ̀. Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ pọ́n wọn lé, wọ́n á sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Odidi orílẹ̀-èdè. Bíi pé ẹnikẹ́ni kì í jí níbẹ̀ kó gbálẹ̀, kó mú ọmọ lọ sílé-ìwé, kó bá aládùúgbò jà lórí omi tó ń ṣàn gba iwájú ilé. Ohun tí wọ́n ń fi ojú àwa náà rí nìyẹn, a sì máa ń bínú sí i gidigidi. Tó bá wá kan Ítálì, àwa náà á gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Èmi ò tilẹ̀ ní àwáwí, torí àbúrò mi obìnrin wà níbẹ̀. Ó ti lo ọdún mẹ́sàn-án ní ìlú kékeré kan lórí òkè, níbi tó ti ń tọ́jú ìyá arúgbó kan tó ṣe tíṣà rí. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń bọ́ ọ, òun ló ń fi àga onítáyà tì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá pè mí lórí fóònù, ìròyìn Ítálì tó máa ń fún mi nìyí: oníbúrẹ́dì ti tún bá ìyàwó rẹ̀ jà, wọ́n fẹ́ ti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ìyá yẹn ti kọ́ni pa nítorí ọmọ ò pọ̀ mọ́, ìyá sì sunkún, ó ní kí àbúrò mi máa ti òun lọ sẹ́nu géètì ibẹ̀ lójoojúmọ́ kí òun lè jókòó ṣọ́ ọ. Àbúrò mi bá a jókòó. Òjò pa àwọn méjèèjì. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ fún mi, kò sì wá sí mi lọ́kàn rárá pé ìròyìn ni.

Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì níbí, tí òun àti àbúrò mi ti jọ mọra láti kékeré, ní òun fẹ́ fi í ṣaya. Inú wa dùn. Ọjọ́ orí ti ń lọ lára àbúrò mi, ìyá arúgbó ẹlòmíràn ló sì ń fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ tọ́jú. A ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ó ku ìdána, àbúrò mi sì ti tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́ láti wálé. Bàbá ọkọ jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ilé wọn ò jìnnà sí Sábó. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ìwádìí tí ìdílé méjèèjì máa ń ṣe kó tó di ìdána ló kù, àwa sì ti ṣe tiwa tán.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìròyìn kan wọlé láti òkè òkun, nípa àwọn ọmọbìnrin ilẹ̀ wa tó ń dúró lẹ́bàá títì ní Ítálì, tí wọ́n ń ṣe aṣẹ́wó. Obìnrin mẹ́ta ni akọ̀ròyìn náà bá sọ̀rọ̀ nínú ìlú kan ṣoṣo. Mo túmọ̀ rẹ̀. Mo wá wá gbólóhùn ìkẹyìn fún un: "Ìwọ tí o lọ́mọbìnrin ní Ítálì, béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe kí o tó máa yangàn." Ó dùn létí ara mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kà á lọ́jọ́ náà. Àbúrò mi ò sí lọ́kàn mi rárá. Ọmọ ẹlòmíràn ni mò ń sọ.

Lọ́jọ́ kẹta, bàbá ọkọ ránṣẹ́ pè mí. Rédíò rẹ̀ wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ má bínú sí wa," ló wí. "Wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò pé kéèyàn béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Mo wá ń béèrè ni. Bí fáda ìjọ rẹ̀ bá lè kọ̀wé ránṣẹ́ sí wa nípa ìwà rẹ̀, ó tán."

Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni. Orúkọ ẹni tó ka ìròyìn ni wọ́n máa ń dá, wọn kì í dá ti olùtúmọ̀. Mo ní kò burú, mo dìde. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Mo pe àbúrò mi, mo jíṣẹ́. Kò pariwo.

"Bọ̀ọ̀dá mi, kí n lọ bá fáda pé kó bá mi kọ̀wé pé n kì í ṣe aṣẹ́wó? Èmi tí mò ń palẹ̀ ìgbẹ́ arúgbó mọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án? Mi ò ní ṣe é. Ta ló tilẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ lórí rédíò? Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, ẹ bá mi bi wọ́n."

Mo ní màá bi wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń bú akọ̀ròyìn òyìnbó yẹn. Ó bá èèyàn mẹ́ta sọ̀rọ̀, ó jẹun ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó padà sílé rẹ̀. Kò débi géètì ilé-ìwé kankan kó jókòó sínú òjò. Inú rẹ̀ ṣì ń bí mi dòní. Ṣùgbọ́n òun ò mọ àbúrò mi. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n.

Mo padà lọ bá bàbá ọkọ, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó na ọwọ́ pa rédíò.

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ òótọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n ọmú kan náà lẹ jọ mu. Bí ẹ̀yin bá lè kọ irú ìyẹn, kí lẹ fẹ́ kí àwa tí a jẹ́ ará ìta gbà gbọ́?"

Ohùn rẹ̀ ò le. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọn ò mú ọjọ́ ìdána, ọmọ rẹ̀ náà ò sì lè ré bàbá rẹ̀ kọjá.

Mo pe àbúrò mi, mo ní, "Èmi ni mo kọ ọ́." Mo ń gbọ́ ohùn ìyá arúgbó lọ́hùn-ún tó ń pè é.

"Ẹ jẹ́ n dá wọn lóhùn," ló wí, ó sì pa fóònù.

Kò pè mí mọ́ láti ìgbà náà, tí mo bá pè é kì í gbé e. Ó ń pe ìyá wa. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ti ti ilé-ìwé náà pa. Ìròyìn Ítálì tí mò ń rí gbọ́ báyìí, ti orí kọ̀ǹpútà nìkan ni.