Ìwé Mẹ́fà, Orí Márùn-ún
Ìwé ìrìnnà tí Abu Ratẹbu, awakọ̀ Damásíkù sí Bèírútù, ti gbé kọjá ẹnubodè pọ̀ ju irun imú gbogbo aṣọ́bodè lọ. Á gba ti èrò jọ, á fi rọ́bà dì í, á nà án sójú fèrèsé.

Lọ́jọ́ kan, ó ń gbé ìwé ìrìnnà tuntun lọ fún Wáẹ̀lì, ọmọ Damásíkù kan tó wà ní Bèírútù, kó lè wálé wá rí ìyá rẹ̀ tó ń kú lọ. Ìṣe ti mọ́ ọn lára. Ó dì í mọ́ ti èrò.

Aṣọ́bodè kà á. "Bàbá, ìwé mẹ́fà, orí márùn-ún. Ṣé ẹ jẹ ẹnì kan lọ́nà ni?"

"Ọ̀gá, ìyá ẹni tó ni ín ló ń kú lọ."

"Ìyá ta ni kì í kú lọ níbí?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi gbẹ́sẹ̀ lé ìwé náà. Abu Ratẹbu ló padà fọkọ̀ gbé Wáẹ̀lì dé ibojì ìyá rẹ̀.