Wọ́n Kun Ìrù Bàálù, Wọ́n Fi Evon Sílẹ̀

Ọ̀sán gangan ni Evon Nicori kú, nínú oṣù kejì. Bàálù kékeré tó ń wà wọnú kùrukùru, ó forí sọ òkè, ẹ̀rọ iwájú sì já wọlé bá a níbi tó jókòó sí. Ó fọ́ ọ láyà. Mo wà lára àwọn tó fà á jáde, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ohun tí mo fojú ara mi rí.

Kí ló ń gbé bọ̀ ní abúlé wa tó fi kú? Ogójì páálí ẹlẹ́rìndòdò, fún ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀!

Ìwádìí ìjọba ti wá jáde báyìí: àṣìṣe awakọ̀ ni, ìpinnu rẹ̀ kò dára. Olinka ìyàwó rẹ̀ ka ìwé náà nínú ṣọ́ọ̀bù lójú gbogbo wa. Ó ní, "Ṣé ọkọ mi ò lọ́gbọ́n lórí ni wọ́n ń wí?" 

Ìpinnu ta gan-an? Èmi ni mò ń tọ́jú rédíò pápá bàálù wa. Mo gbọ́ Evon àti ọ̀gá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Ọ̀gá, mi ò rí òkè o," ni Evon wí. "Kùrukùru ti bò ó."

"Ta ló ní kó o rí i látilẹ̀?" Halvorsen tó ni bàálù ló ń sọ̀rọ̀. "Lọ yọjú wò ó. Tí kò bá dáa, padà."

"Ẹ jẹ́ ká dúró dìrọ̀lẹ́."

"Àbí ẹ̀rù ti ń ba bàbá? Carl náà dúró dìrọ̀lẹ́ lóṣù tó kọjá. Carl dà?"

Awakọ̀ ni Carl náà; ó wà nílé, Halvorsen ti lé e níṣẹ́. Gbogbo wa la mọ̀.

Lọ yọjú wò ó: òfin ilé iṣẹ́ Halvorsen nìyẹn. Awakọ̀ kankan kò gbọdọ̀ kọ̀ látilẹ̀. Ṣùgbọ́n tí bàálù bá ti wọ àárín òkè méjì, níbo ló ti fẹ́ yí padà? Evon náà ṣàṣìṣe, mi ò ní purọ́. Ibi tí odò ti kọrí sí ìlà oòrùn ló yẹ kó ti padà, kò padà. Ó ń dùn mí débi pé mo máa ń bú u nígbà mìíràn. Àmọ́ ẹni tí wọ́n ti fi ṣẹ̀sín kó tó gbéra, ṣé ó rọrùn fún un láti padà lófo?

Evon yìí ló máa ń mi apá bàálù lókè ilé rẹ̀ kí Olinka lè gbé ọbẹ̀ ẹja kaná. Òun ló máa ń pè mí lórí rédíò: "Ìwọ olójú líle yìí, po tíì, mo ti dé!"

Lọ́jọ́ kẹta tí bàálù já, ojú ọ̀run mọ́ fún wákàtí méjì. Hẹlikọ́pítà Halvorsen gòkè lọ. A pàtẹ́wọ́. Olinka gbé aṣọ onírun tó fẹ́ fi wé ọkọ rẹ̀ jáde. Hẹlikọ́pítà padà lófo. Wọ́n ní ìjọba ló máa ń gbé òkú.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, a fi alùpùpù orí yìnyín gun òkè náà fúnra wa. Orúkọ Halvorsen tó wà lára ìrù bàálù ti pòórá. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kùn ún! Agolo ọ̀dà ṣì wà nílẹ̀. Ipa bàtà àwọn ará hẹlikọ́pítà ti dì sínú yìnyín, láti ìdí ìrù dé ojú fèrèsé Evon tó ti fọ́, ó dúró níbẹ̀, ó yí padà. Wọ́n yọjú wò ó, wọ́n padà. Kannakánná ti yọ ojú rẹ̀ kan.

Olùwádìí ìjọba wá, ó mu kọfí mi, kò sì bi mí ní ohun tí mo gbọ́ lórí rédíò. Ẹ̀yin ìjọba, ẹ ṣí ìwé yẹn padà. Ẹ wá gba ẹ̀rí mi, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ Halvorsen sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpinnu Evon, kí Olinka rí i kà nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà.

Halvorsen, mi ò ní fi ẹ̀yin pè ọ́ mọ́. Ìrù bàálù yẹn ṣì wà lórí òkè. Gùn ún lọ. Ha ọ̀dà yẹn kúrò, ká rí orúkọ rẹ.