Bàbá Àtàndá àti Ogún Poro Àgbàdo

Kò sí àgbẹ̀ Sekona tó gbàgbé ọjọ́ tí olóògbé Bàbá Àtàndá dìde ní ìpàdé. Zulfah, akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn láti Ẹdẹ, ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omijé sọ pé iṣẹ́ òun ti já sí asán. Omi ewé mọ̀ríńgà ló fẹ́ dán wò. Kì í ṣe ajílẹ̀, kì í ṣe oògùn kòkòrò. Ó kàn yẹ kó jẹ́ kí àgbàdo lè fara da ọ̀dá. Ó ti bẹ Bàbá kí wọ́n fọ́n ọn sí poro mẹ́wàá, kí wọ́n fi mẹ́wàá sílẹ̀, kí òun lè fi wọ́n wéra. Ṣùgbọ́n bákan náà ni ogún poro ṣe yọmọ.

"Ìyá mi, nu ojú ẹ," ni Bàbá wí. "Gbogbo ẹ̀ ni mo fọ́n ọn sí."

"Háà! Bàbá, kí ló dé?"

"Kí n fún mẹ́wàá mu, kí mẹ́wàá máa wò wọ́n lẹ́nu? Nínú ọ̀dá? Èmi olóbìnrin méjì! Mo mọ ohun tó ń jẹ́ ìdọ́gba."

Ìyá Àwáwù, ìyálé wọn, dáhùn láti ẹ̀yìn: "Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti di àgbàdo tipẹ́."

Bàbá kì í wọ oko láìkí àgbàdo ní sàláámù. Teslim, aládùúgbò oko wọn, bi wọ́n bóyá àgbàdo dáhùn.

"Tèmi ń dáhùn. Tìẹ ń bínú ni."

Lọ́dún kejì, Zulfah ní bí òun kò bá rí ẹ̀rí, òun kò ní gbàwé jáde. Bàbá gbà, wọ́n fi poro mẹ́wàá sílẹ̀ láìfọ́n. Láti ọjọ́ náà, inú oko Teslim ni wọ́n ń gbà kọjá.

"Bàbá, ẹ ń tẹ ẹ̀gẹ́ mi mọ́lẹ̀!"

"Fara dà á. Ojú àwọn mẹ́wàá tí mi ò fún mu yẹn ni mò ń sá fún."

Zulfah rí ẹ̀rí: èyí tí wọ́n fọ́n omi ewé sí yọmọ dáadáa, ìyókù ràn, kò dàgbà tó. Bàbá kò jẹ́ kí wọ́n da àgbàdo tó ràn náà fún ewúrẹ́. "Èmi ni mo fìyà jẹ wọ́n," ni wọ́n wí, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán fúnra wọn.

Bàbá kú kí Zulfah tó gba ìwé ìwádìí rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó bá a di ìwé náà. Ó gbé e wá sílé Bàbá, ó ka ìlà kan tí olùkọ́ rẹ̀ ní kó pa rẹ́, tí kò pa rẹ́, fún Ìyá Àwáwù: "Iṣẹ́ ọdún kìn-ín-ní bàjẹ́ nítorí pé àánú àgbẹ̀ náà pọ̀ jù."

Ìyá Àwáwù rẹ́rìn-ín títí. Ó fi etí gèlè nu ojú.

"Tún un kà fún mi," ni ó wí.