Ògiri Ilé Ìwé Tí A Pín Mọ

Òórùn amọ̀ tútù tí a pò mọ́ koríko ṣì wà nímú mi bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Wọn kò sọ ọ́ fún mi o. Ojú mi méjèèjì ló rí i, ẹsẹ̀ mi sì wà nínú amọ̀ náà, nílé ìwé kan létí Kàbà, láyé tí òyìnbó ṣì ń ṣàkóso wa láti Kàdúná.

Kíláàsì méjì péré ni mo kà. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ń yan ìgbìmọ̀ òbí tí yóò máa gba ọ̀gá ilé ìwé nímọ̀ràn, orúkọ mi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ta ni wọn ì bá tún pè? Kò sẹ́ni tó ń mọ ògiri tó gún bíi tèmi ní gbogbo agbègbè wa.

Kíláàsì mẹ́rin ni ilé ìwé náà ní. Bí a bá mọ yàrá kan sí i kí alábẹ̀wò ilé ìwé tí ìjọba ń rán tó dé, wọn ó fún wa ní ìkarùn-ún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú yóò lọ máa gbé lọ́dọ̀ àjèjì nílùú mìíràn. Àkọ́bí mi obìnrin wà ní kíláàsì kẹrin, mo sì ti búra fún ìyá rẹ̀ pé kò ní kúrò lójú wa.

Àdúgbò mẹ́rin ló ń rán ọmọ wá, yàrá sì ní ògiri mẹ́rin. Èmi ni mo dìde nípàdé tí mo ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan mú ògiri kan, nítorí mo mọ àwọn èèyàn wa: iṣẹ́ tí a bá fi díje kì í pẹ́ parí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọ̀gá ilé ìwé nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ní nílùú tòun, ìpele kan ni wọ́n ń mọ yípo ilé kí wọ́n tó gbé ìkejì lé e, kí àwọn ògiri lè di ara wọn mú nígun. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí èmi náà ti ń mọ ilé nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pàtẹ́wọ́.

“Tísà,” ni mo wí, “ìwé ni tiyín, amọ̀ ni tiwa.”

Gbogbo ìpàdé rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe é. Obìnrin ń pọnmi, ọkùnrin ń tẹ amọ̀, a sì ń bú ara wa. Àwọn òdìkejì ní ògiri wa wọ́ bí ìrù ajá. A ní tiwọn dà bí àgbàdo tí ọ̀bọ jẹ kù. Kò sẹ́ni tó jẹ́ kí amọ̀ ẹlòmíràn kan tòun nígun. Àlàfo ibẹ̀ gba ìka ọwọ́. A fi amọ̀ rírọ̀ rẹ́ ojú rẹ̀, ó dán. A fi koríko bẹẹrẹ bo òrùlé, a kó bẹ́ǹṣì wọlé.

Òjò àkọ́rọ̀ dé lọ́sàn-án Sátidé, tòun tẹ̀fúùfù. Ògiri méjì ṣubú síta, òrùlé sì wó lé bẹ́ǹṣì. Tiwa dúró ṣánṣán. Ní Mọ́ńdè, alábẹ̀wò dé. A kí i, “Ẹ okun o.” Ó rìn yí ilé ká lẹ́ẹ̀kan, ó ní ó di ọdún tó ń bọ̀.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ọmọ mi pé ògiri àdúgbò wa kò wó.

“Bàbá,” ló wí, “níbo ni màá wá jókòó?”

Lọ́dún kejì a mọ ọ́n bí tísà ti wí, ẹnu mi ni mo sì fi dábàá rẹ̀. Ọmọ náà ti wà nídìí òfì ìyá rẹ̀ nígbà náà. Ó ní òun kò lè padà lọ bá àwọn kékeré jókòó. Láti ìgbà náà, ìpàdé yòówù kí n wà, ẹni tí kò pàtẹ́wọ́ ni mo kọ́kọ́ ń wò.

Ohun tó bá òjò yẹn lọ: ògiri méjì, bẹ́ǹṣì mẹ́jọ, pátákó ìkọ̀wé kan, ọdún kan. Ọmọ mẹ́sàn-án ni kò padà sílé ìwé. Ọ̀kan nínú wọn ni tèmi.