Ọkọ mi sá fìlà tútù sórí iná efinrin mi

Ẹ má pariwo o, bàbá ilé mi ló ń fọ abọ́ lọ́wọ́ báyìí!

Tóbi, ọmọ ọmọ mi àtàtà, ló ra iná elésè àlùkò kan fún mi. Iná náà ló ń ṣe oòrùn fún efinrin tí mo gbìn sí pálọ̀. Ó kọ ìlànà rẹ̀ ní Yorùbá sára páálí, torí ó mọ̀ pé màmá àgbà ti ń lọ kíláàsì mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà.

Òjò Ìkòròdú ò jẹ́ kí aṣọ gbẹ láti àná. Bí mo ṣe ti ọjà dé lónìí, fìlà ọkọ mi ni mo bá lórí iná yẹn, omi ń kán tó tó.

Mo sáré pa súìṣì lára ògiri.

"Bàbá Ṣẹ́gun! A kì í fi iná sórí òrùlé ká sùn o!"

"Ṣé kì í ṣe iná ni? Mo ní kó bá mi mú fìlà gbẹ."

Mo gbé páálí, mo kà á sókè: "Ẹ má fi nǹkan bò ó. Ẹ má jẹ́ kí omi kàn án. Ẹ pa á kí ẹ tó sùn."

"Ṣé ó tán?"

"Ó ku ẹyọ kan. Ọkọ tó bá sá aṣọ sórí rẹ̀ yóò fọ abọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan."

"Tóbi ló kọ ìyẹn?"

"Ẹ gbà, ẹ fojú ara yín kà á."

Ó wo páálí títí, ó dìde, ó gba ìdí abọ́ lọ.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ké sí mi pé ọjọ́ wo ni kíláàsì wa. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé kí n mú un lọ lọ́la, àbí kó fọ abọ́ ọ̀sẹ̀ yìí tán kó tó mọ A, B, D?